Èéfín Tó Ti Wà Nílẹ̀ Kí Àjàkálẹ̀ Àrùn Tó Dé

Bí àjàkálẹ̀ àrùn bá wọ ìlú, ohun méjì ló máa ń sọ iye èèyàn tí yóò dùbúlẹ̀ sí ọsibítù. Àkọ́kọ́ ni bí àrùn náà fúnra rẹ̀ ṣe le tó. Èkejì ni ipò tí àrùn náà bá ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn àwọn ará ìlú. Ti àkọ́kọ́ ni ìjọba, rédíò àti àwọn oníwàásù ń sọ fún wa láti ọdún 2020 títí ó fi sú wa. Ti èkejì kò fi bẹ́ẹ̀ wọ inú ọ̀rọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun gan-an la lè tún ṣe kí àrùn tó dé. Òun ni mo fẹ́ ṣàlàyé. Ọ̀fà Garage ní ìlú Ìlọrin, ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ni mo sì fẹ́ mú wò, nítorí pé oríṣiríṣi èéfín àti eruku tí ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́ nílẹ̀ wa ló pé síbẹ̀.

Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ Ọ̀fà, Àjàṣẹ́-Ìpo tàbí Òmù-Àrán níbẹ̀ rí ti mọ ohun tí mò ń sọ. Ọkọ̀ tó ń dúró de èrò kì í sábà pa ẹ́ńjìnì. Bátìrì ti rẹ̀, sítátà ò dára mọ́, awakọ̀ ò sì fẹ́ máa bẹ èèyàn pé kí wọ́n wá bá òun ti ọkọ̀. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ń jáde, ọ̀kadà ń wọlé. Ní etí títì, ibi tí ọ̀dà ti parí, yẹ̀pẹ̀ ló kù níbẹ̀. Gbogbo táyà tó bá yà sí i ló ń gbé eruku dìde. Ẹni tó ń bá àwọn èèyàn ṣájì fóònù gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó sì kọjú sàlẹ́ńsà rẹ̀ sí ojú ọ̀nà táwọn èèyàn ń gbà kọjá. Ìyá alákàrà ń koná mọ́ igi tí kò gbẹ dáadáa. Ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omi ojú, ohun tó bá ojú sì ti bá imú. Ọmọ tó pọ̀n wà lẹ́yìn rẹ̀, ohun tí ìyá ń mí símú lòun náà ń mí símú, ẹ̀dọ̀fóró ti ọmọ ò sì tíì dàgbà tán. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, onísúyà á gbé tirẹ̀ dé.

Ẹ wá wo agbèrò tó ń pe èrò. Láti ìdájí ló ti ń lọgun, "Ọ̀fà kù kan! Ọ̀fà kù kan!" Ẹni tó ń lọgun kì í fi imú mí, ẹnu ló ń fi gba afẹ́fẹ́, ó sì ń gbà á wọlé jìnnà. Irun inú imú àti omi inú rẹ̀ tó yẹ kó kọ́kọ́ sẹ́ afẹ́fẹ́ náà kò ráyè ṣiṣẹ́ wọn. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló sì máa ń dúró sí, níbi tí ẹnu sàlẹ́ńsà wà. Lójú tèmi, nínú gbogbo ẹni tó wà ní gáréèjì, òun àti ọmọ ẹ̀yìn ìyá alákàrà yẹn ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù.

Eruku tó tóbi kì í ṣe ìṣòro ńlá. Bí ẹ bá ti ìrìn àjò dé nígbà ọyẹ́, tí ẹ fọn imú, ẹ ó rí i lára áńkáṣíìfù. Imú ti dá ìyẹn dúró. Èyí tó léwu ni èyí tí ojú kò rí, tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju 2.5 nínú ìdá ẹgbẹ̀rún mìlímítà kan lọ. Bí a bá to ogún irú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn kò tó fífẹ̀ ẹyọ irun orí kan. PM2.5 ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ó ń ti inú ẹ́ńjìnì wá, inú jẹnẹrétọ̀, inú igi ìdáná àti èédú, inú pàǹtírí tí wọ́n ń sun, àti inú ọyẹ́ pẹ̀lú. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé kò yẹ kí ó ju máíkírógíráàmù 5 lọ nínú mítà onígun mẹ́ta afẹ́fẹ́ kan, bí a bá ṣírò ti ọdún kan pọ̀. Ṣáájú ìgbà náà, 10 ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n. Báńkì Àgbáyé gbé ìwádìí kan jáde ní 2020 lórí ìlú Èkó, ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ sì jẹ́ 68. Wọ́n ṣírò pé afẹ́fẹ́ yìí pa èèyàn bí 11,200 ní Èkó nínú ọdún 2018 nìkan, àti pé àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló pọ̀ jù nínú wọn.

Kí ni ó ń ṣe nínú ara? Nínú ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ̀dọ̀fóró, irun tín-ín-rín kan wà tí ojú lásán kò lè rí. Òkè ni wọ́n máa ń mì sí, wọ́n ń ti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bọ̀ wá sí ọ̀fun, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà sì ń gbé eruku àti kòkòrò àrùn dání. Èéfín ń sọ irun wọ̀nyí di ọ̀lẹ, bó bá sì pẹ́, ó ń pa wọ́n. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á wá jókòó síbi tó wà, kòkòrò inú rẹ̀ náà á sì jókòó tì í. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, nínú àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké tí ọ́síjìn ti ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gbé àjèjì mì. Lára àwọn tó ń gbé ní ibi eléèéfín, èéfín dúdú ni wọ́n ń gbé mì láti àárọ̀ dalẹ́. Nígbà tí kòkòrò àrùn gidi bá dé, wọ́n ti yó, wọn ò ráyè gbọ́ tirẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni wíwú. Ẹ̀dọ̀fóró tí èéfín ń bá jà lójoojúmọ́ máa ń wú díẹ̀díẹ̀, ó ń pọ́n nínú, bí ẹni tó ni ín kò tilẹ̀ mọ̀. Àrùn Kòrónà sì nìyí, wíwú ẹ̀dọ̀fóró ló fi pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó pa: àwọn ọmọ ogun ara dìde sí kòkòrò àrùn náà ju bó ti yẹ lọ, omi kún àwọn àpò afẹ́fẹ́, ọ́síjìn kò rí ọ̀nà kọjá. Ẹni tí tirẹ̀ ti wú díẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀nà tó kù fún un láti rìn kí ó tó dé bèbè kò jìn mọ́.

Èéfín kò sì dúró sí ẹ̀dọ̀fóró nìkan. Àwọn tó kéré jù nínú ẹyọ PM2.5 ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n ń dá kún ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti àtọ̀gbẹ. Ẹ rántí àwọn tí dókítà sọ pé Kòrónà ń yọ lẹ́nu jù: àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru, àwọn alátọ̀gbẹ, àwọn tí ọkàn wọn kò lágbára. Èéfín ti bá àrùn náà ṣètò wọn sílẹ̀. Carbon monoxide tún wà níbẹ̀, èyí tí jẹnẹrétọ̀ ń tú jáde láìní àwọ̀ àti òórùn. Ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po tó ju 200 lọ ju bí ọ́síjìn ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ. Ẹni tí ọ́síjìn rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀ nítorí àrùn, tí wọ́n wá tan jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé rẹ̀, ìyà méjì ló ń jẹ.

Èyí kì í ṣe àròsọ. Àjàkálẹ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ wò, wọ́n sì rí ohun tó jọra níbẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, àrùn influenza gba ojú omi wọ Èkó, ó sì bá ọkọ̀ ojú irin gòkè. Ojú irin náà ti dé Ọ̀fà àti Ìlọrin ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú. Lùkúlùkú ni àwọn àgbà pe àrùn náà, àwọn òpìtàn sì ṣírò pé nǹkan bí 500,000 èèyàn ló bá a lọ ní Nàìjíríà, nígbà tí gbogbo wa lórílẹ̀-èdè yìí kò tíì tó 20 mílíọ̀nù. Ẹnikẹ́ni kò wọn afẹ́fẹ́ níhìn-ín nígbà náà. Ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé mẹ́ta, Karen Clay, Joshua Lewis àti Edson Severnini, padà lọ wo ìwé àkọsílẹ̀ ikú àwọn ìlú ńlá ibẹ̀. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018 ni pé àwọn ìlú tó ń sun èédú ilẹ̀ púpọ̀ láti fi ṣe iná mànàmáná sin òkú ju àwọn tí kò sun ún tó bẹ́ẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé influenza kan náà ló kọlu gbogbo wọn.

Nígbà tí àrùn SARS ṣẹlẹ̀ ní Ṣáínà ní 2003, wọ́n rí i pé aláìsàn tó wá láti agbègbè tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ burú jù sún mọ́ ikú ní ìlọ́po méjì ju ẹni tó wá láti ibi tí afẹ́fẹ́ ti mọ́ lọ. Ní 2020, àwọn olùwádìí ní Harvard wo gbogbo agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, tó ju 3,000 lọ. Wọ́n ní níbi tí PM2.5 bá ti fi máíkírógíráàmù kan ṣoṣo ga ju ti ibòmíràn fún ọdún púpọ̀, iye tí Kòrónà ń pa níbẹ̀ máa ń fi nǹkan bí ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún ju tibẹ̀ lọ.

Irú ìwádìí Harvard yìí ní àbùkù kan, àwọn tó ṣe é pàápàá sì sọ ọ́. Agbègbè ni wọ́n fi wé agbègbè, wọn kò tọ ẹnì kọ̀ọ̀kan lẹ́sẹ̀. Ibi tí èéfín pọ̀ sí, òṣì sábà ń wà níbẹ̀, ilé ibẹ̀ sì máa ń há. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbẹ́kẹ̀ lé ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Ontario ní Kánádà ju gbogbo rẹ̀ lọ. Àwọn tó kó Kòrónà níbẹ̀ ní 2020, tó ju 151,000 lọ, ni wọ́n tọ̀ lẹ́sẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì wo afẹ́fẹ́ àdúgbò tí kálukú ń gbé fún ọdún díẹ̀ ṣáájú. Bí PM2.5 àdúgbò ẹni bá ṣe ga tó, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe rọrùn tó kí àrùn náà gbé onítọ̀hún dé ọsibítù, kódà dé yàrá ìtọ́jú àkànṣe. Ṣùgbọ́n PM2.5 náà kò fi kún iye àwọn tó kú nínú ìwádìí ọ̀hún.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbẹ̀, torí ó ṣe pàtàkì. Afẹ́fẹ́ Ontario mọ́ ju tiwa lọ jìnnà, síbẹ̀ díẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ ti ń ti èèyàn sí ọsibítù. Àwọn èèyàn náà kò sì kú jù, nítorí pé nígbà tí wọ́n dé ọsibítù, bẹ́ẹ̀dì wà, ọ́síjìn wà, nọ́ọ̀sì wà. Bí mo ṣe rò ó nìyí: níbi tí ètò ìlera bá ti dúró dáadáa, èéfín máa ń fara hàn nínú iye bẹ́ẹ̀dì àti owó tí wọ́n ń ná. Níbi tí bẹ́ẹ̀dì kò bá tó, ikú ló máa ń fara hàn sí.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ká ní ọsibítù kan ní bẹ́ẹ̀dì 50, tí àjàkálẹ̀ àrùn sì gbé èèyàn 50 wá. Ó ṣe rẹ́gí. Ẹ fi mẹ́fà péré kún un nítorí èéfín, mẹ́fà yẹn kò ríbi sùn. Ká tún ní ẹ̀dọ̀fóró àwọn aláìsàn kò tètè san, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi lo ọjọ́ 14 dípò 10. Bẹ́ẹ̀dì tó yẹ kó gba èèyàn mẹ́ta lóṣù á wá gba méjì. Láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wó ògiri ọsibítù, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Ọ́síjìn ló kọ́kọ́ máa ń tán. Kwara kéde àwọn aláìsàn Kòrónà méjì àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2020, ìjọba sì ya ibi ìtọ́jú sọ́tọ̀ ní Sobi Specialist Hospital àti ní Hajj Camp. Nígbà tó fi máa di oṣù kìíní 2021, ìgbì kejì ti gba orílẹ̀-èdè. Gómìnà Èkó, Babájídé Sanwó-Olú, sọ fún àwọn ará ìlú pé ní ọsibítù Yaba nìkan, sílíńdà ọ́síjìn tí wọ́n ń lò lóòjọ́ ti kúrò ní 70, ó ti di 350. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ilé iṣẹ́ ọ́síjìn ní ibi 38 káàkiri Nàìjíríà lóṣù yẹn kan náà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni àsìkò. Ọyẹ́ ló wà níta.

Ìlọrin mọ ọyẹ́, ayé sì mọ ọyẹ́ Ìlọrin. Láti 1998 ni ẹ̀rọ kan ti wà ní Yunifásítì Ìlọrin tó ń wo ojú oòrùn, tó ń wọn bí eruku àti èéfín ṣe ń dí ìtànṣán rẹ̀ lọ́wọ́ tó. Ó wà lára irú rẹ̀ tí NASA tò káàkiri ayé tí wọ́n ń pè ní AERONET. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rachel Pinker ti Yunifásítì Maryland àti Ọ̀jọ̀gbọ́n T. O. Aro ti Ìlọrin wà lára àwọn tó fi ìdí iṣẹ́ náà múlẹ̀. Àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ yìí fi hàn pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ojú òfuurufú Ìlọrin wà lára àwọn tó nípọn jù lọ láyé. Eruku ń wá láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, afẹ́fẹ́ àríwá ń gbé e bọ̀. Àkókò yẹn kan náà ni wọ́n ń dáná sun igbó láti múra oko. Èéfín igbó, eruku aṣálẹ̀ àti èéfín gáréèjì pàdé lójú sánmà kan ṣoṣo, òjò kò sì sí láti fọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Kòrónà kọ́ ni àrùn àkọ́kọ́ tó bá ọyẹ́ rìn nílẹ̀ yìí. Àrùn yínrùnyínrùn, tí àwọn dókítà ń pè ní meningitis, ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń jà ní òkè ọya, ó sì máa ń rọlẹ̀ bí òjò bá ti dé. Ìdí kan tí àwọn onímọ̀ fi mọ́ ọn ni pé afẹ́fẹ́ gbígbẹ àti eruku ń ha ẹ̀yìn imú àti ọ̀fun, kòkòrò tó ti ń gbé níbẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ á sì rí ojú ọgbẹ́ gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ní 1996, ó kó èèyàn tó ju 100,000 lọ ní Nàìjíríà, ó sì pa tó ju 11,000 lọ.

Ní ti Kòrónà, èèyàn 2,464 ni àyẹ̀wò rí i lára wọn ní ọjọ́ 23 oṣù kìíní 2021, èyí tó ga jù lóòjọ́ títí di àkókò yẹn. Mi ò sọ pé ọyẹ́ ló fà á. Ọdún Kérésì ti kó èèyàn jọ, ìnáwó pọ̀, àwọn ọkọ̀ Ọ̀fà Garage ti kún tẹ́tẹ́. Ìgbì àkọ́kọ́ sì wáyé láàrin òjò, ní oṣù kẹfà àti ìkeje 2020. Ohun tí ọyẹ́ ń ṣe tó dá mi lójú ni èyí: gbogbo ìlú ló ń kọ́. Ọmọ alásímà kò lè mí, àgbàlagbà ní òtútù àyà, ọ̀fun ń dun awakọ̀, ojú ń ta ìyá alákàrà. Gbogbo wọn ló ń lọ sí ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì kan náà tó ń wá aláìsàn Kòrónà, ikọ́ wọn sì jọ ara wọn. Bí ó bá kó wọn pọ̀ síbi kan, ẹni tí kò ní àrùn á kó o níbẹ̀. Bí ẹ̀rù bá bà wọ́n tí wọn kò wá, ọmọ alásímà á kú sílé, ẹnikẹ́ni kò sì ní kà á mọ́ àjàkálẹ̀ àrùn.

Àwọn kan á bi mí pé, ṣebí Kòrónà kò pa wá bí ó ti pa àwọn òyìnbó? Ní ìwé, bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn tó kú tí ìjọba kà ní Nàìjíríà lé díẹ̀ ní 3,100. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì wa ni kò tíì ju ọmọ ọdún 18 lọ, ọ̀dọ́ ni àrùn yẹn sì fojú fò. Àyẹ̀wò tí a ṣe kéré, ọ̀pọ̀ òkú la sì sin láìmọ ohun tó pa wọ́n. Influenza 1918 kò fojú fo ọ̀dọ́, àwọn tí agbára wọn pé ló pa jù. Irú rẹ̀ tó bá tún wá yóò bá agbèrò tó ti ń lọgun lẹ́yìn sàlẹ́ńsà láti ọdún mẹ́wàá.

Ilé pàápàá kò yẹ ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo wa jókòó sílé ní 2020, gáréèjì dákẹ́, èéfín ọkọ̀ sì rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ kò dákẹ́, wọ́n sì ń dáná nínú ilé tó kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, owó gáàsì ìdáná fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì láàrin oṣù díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé tó ti kúrò nídìí èédú padà síbẹ̀, èédú sì pọ̀ ní Kwara ju ibi púpọ̀ lọ. Àdánwò kan wà tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn láti 2013 sí 2015 tí mo fẹ́ kí gbogbo alága ìjọba ìbílẹ̀ mọ̀. Aláboyún 324 tó ń fi igi tàbí kẹrosíìnì dáná ni wọ́n kó jọ. Wọ́n fún àwọn kan ní sítóòfù tó ń lo ẹ́táńọ́ọ̀lù, wọ́n fi àwọn yòókù sílẹ̀ sórí ohun tí wọ́n ń lò. Àwọn tó gba sítóòfù tuntun kò fi bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ ríru bí àwọn tó kù. Sítóòfù lásán ló ṣe èyí láàrin oṣù mélòó kan. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru kan tó bá sì dín kù nílùú, bẹ́ẹ̀dì kan ni a ti tọ́jú sílẹ̀ de àjàkálẹ̀ tó ń bọ̀.

Epo ọkọ̀ tún nìyẹn. Ní Yúróòpù, imí-ọjọ́ inú dísẹ́ẹ̀lì kò gbọdọ̀ ju ìdá 10 lọ nínú mílíọ̀nù kan. Epo tí wọ́n ń kó wá bá wa fún ọ̀pọ̀ ọdún fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlọ́po ju bẹ́ẹ̀ lọ, láti èbúté Netherlands àti Bẹ́ljíọ́ọ̀mù kan náà tí epo tó mọ́ ti ń jáde. ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, fẹnu kò pé láti oṣù kìíní 2021, kò gbọdọ̀ ju 50 lọ mọ́. Netherlands fúnra rẹ̀ fòfin de kíkó epo burúkú náà jáde ní oṣù kẹrin 2023. Imí-ọjọ́ yìí ń sọ ara rẹ̀ di PM2.5 nínú afẹ́fẹ́, ó sì ń ba kátálíìsì ìdí sàlẹ́ńsà jẹ́, èyí tó yẹ kó fọ èéfín kó tó jáde. Ọ̀pọ̀ tòkúnbọ̀ sì ti pàdánù kátálíìsì wọn kí wọ́n tó dé etíkun, àwọn tó kù ni wọ́n ń tú tà níhìn-ín. Òfin tó ń kápá èéfín ọkọ̀ wà lọ́wọ́ NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká, láti 2011. Kò sí ní gáréèjì.

Ohun tí gáréèjì fúnra rẹ̀ lè ṣe kò nílò Abuja. Ẹgbẹ́ awakọ̀ ló ń pín ìlà, àwọn ló ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n bá sì sọ pé ọkọ̀ tí kò tíì kan gbọdọ̀ pa ẹ́ńjìnì, wọ́n á pa á. Jẹnẹrétọ̀ lè kọjú sí ibòmíràn. Àwọn tó ń dáná lè ní ìlà tiwọn ní apá ibi tí afẹ́fẹ́ kò ti ní máa gbé èéfín wọn lọ bá èrò. Ìjọba ìbílẹ̀ lè da ọ̀dà sí etí títì dé ìdí gọ́tà, kí táyà má rí yẹ̀pẹ̀ tú mọ́. Ní ti ìbòmú, èyí tí wọ́n fi áńkárá rán kò lè dá PM2.5 dúró, bó tilẹ̀ ń dín itọ́ tó ń fò kù. N95 ló lè dá a dúró, owó rẹ̀ sì ju ohun tí agbèrò lè máa rà. Bí wọ́n bá fẹ́ pín nǹkan fún àwọn ọmọ gáréèjì nígbà ọyẹ́, òun ni kí wọ́n pín.

Ó ku ti ọsibítù. Láàrin 2015 sí 2017, àwọn dókítà láti Ìbàdàn àti Ọsirélíà ṣiṣẹ́ ní ọsibítù 12 ní ilẹ̀ Yorùbá. Wọ́n kọ́kọ́ fún àwọn nọ́ọ̀sì ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ọmọ níka láti mọ iye ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì kọ́ wọn kí lílò rẹ̀ mọ́ wọn lára. Iye ọmọ tí òtútù àyà ń pa dín kù. Ẹ̀rọ yẹn ṣeé kó sínú àpò, ó sì ń ya ẹni tí ọyẹ́ lásán ń mú kọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ọ́síjìn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, kí àbájáde àyẹ̀wò tó dé rárá. Ó yẹ kó wà ní gbogbo ibùdó ìlera alábọ́dé tó yí Ọ̀fà Garage ká, kí wọ́n sì máa bi aláìsàn léèrè ohun tó fi ń dáná àti ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, bí wọ́n ti ń bi í ní ọjọ́ orí rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti sọ pé ọ́síjìn ti lọ sílẹ̀, ọ́síjìn gbọ́dọ̀ wà. Sílíńdà ń tán. Ẹ̀rọ tó ń sẹ́ ọ́síjìn láti inú afẹ́fẹ́ kì í tán, ṣùgbọ́n iná ló ń jẹ, bí NEPA bá sì mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ń tàn fún un, lẹ́yìn wọ́ọ̀dù gan-an, tí èéfín rẹ̀ ń gba fèrèsé wọlé bá àwọn tí wọ́n ń fún ní ọ́síjìn. Ní Jinja ní Uganda, wọ́n ti fi iná oòrùn gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ tó ní òtútù àyà, wọ́n fi wé ti sílíńdà, kò sì rẹ̀yìn sí i. Oòrùn Ìlọrin tó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe, àní nínú ọyẹ́, bí wọ́n bá gba ẹnì kan tí yóò máa nu eruku kúrò lójú páńẹ́ẹ̀lì láràárọ̀.